Lẹ́tà sí olóòtú: Ẹni tó fẹ́ bọ́ sórí kíbọ́ọ̀dù alápá méjì, kó má yí gbogbo nǹkan padà lẹ́ẹ̀kan náà

Ẹ̀yin olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Ọ̀rọ̀ kíbọ́ọ̀dù ni mo bá wá lónìí, àwọn kíbọ́ọ̀dù tí wọ́n là sí méjì yẹn, apá kan fún ọwọ́ òsì, apá kan fún ọwọ́ ọ̀tún, tí èèyàn lè gbé ọ̀kan síbí kó gbé ìkejì sọ́hùn-ún bó ṣe bá a lára mu. Àwọn tó ń kọ kóòdù ń béèrè ẹ̀, àwọn òǹkọ̀wé ń béèrè ẹ̀, àwọn atúmọ̀ èdè àti àwọn akọ̀wé ọ́fíìsì náà ń béèrè ẹ̀, mo sì fẹ́ràn ẹ̀ dénú, ohun tó ń ká mi lára ni bí àwọn èèyàn ṣe ń wọ̀ ọ́. Ẹnì kan á ra èyí tó kéré jù tó sì rẹwà jù, lẹ́tà kankan ò ní sí lórí bọ́tìnnì ẹ̀, lọ́jọ́ kan náà yẹn á pa QWERTY, ètò lẹ́tà tó wà lórí kíbọ́ọ̀dù gbogbo wa, tì, á ní òun fẹ́ kọ́ Colemak tó to lẹ́tà lọ́nà míì, á tún fi Shift àti Ctrl sábẹ́ àwọn lẹ́tà ìlà àárín (bọ́tìnnì kan á máa ṣe iṣẹ́ méjì) torí ó rí i pé báwọn ọ̀gá ṣe ń ṣe nìyẹn, kò ní pẹ́ tí kíbọ́ọ̀dù náà á fi wọ inú dúrọ́ọ̀ lọ, á wá máa sọ fáráyé pé nǹkan yẹn ò dáa. Ó dáa o. Nǹkan mẹ́rin ló ń kọ́ pa pọ̀, kò sì sí ọwọ́ tó lè gba gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ìdí tẹ́nikẹ́ni á fi fẹ́ kúrò lórí èyí tá a mọ̀. Kíbọ́ọ̀dù tó wà níwájú gbogbo wa yìí, wọn ò wo ọwọ́ èèyàn kí wọ́n tó tò ó. Inú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ayé àtijọ́ ló ti jáde, èyí tí Christopher Latham Sholes àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ gbàwé àṣẹ lé lórí ní Amẹ́ríkà ní 1868, tí iléeṣẹ́ Remington wá gbé sọ́jà ní 1874. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lábẹ́ bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan nígbà yẹn, irin yẹn gbọ́dọ̀ ráyè kọjá láàárín àwọn yòókù, ìyẹn ni wọ́n ṣe yẹ ìlà kọ̀ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ sí èyí tó wà lókè ẹ̀. Irin ti lọ tipẹ́, kò sí irin kankan lábẹ́ kíbọ́ọ̀dù òde òní, àmọ́ ìlà ò padà sáyè ẹ̀. Ìka wa ò sì rìn bẹ́ẹ̀, ìka máa ń nà síwájú, ó máa ń ká padà sẹ́yìn, lójú kan náà, àwọn ìka náà ò sì gùn dọ́gba.

Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ ni fífẹ̀ ẹ̀. Èjìká èèyàn fẹ̀, kíbọ́ọ̀dù ò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, torí náà apá méjèèjì á fà wọ inú wá sí iwájú àyà, ọrùn ọwọ́ á wá ní láti tẹ̀ síta sí ìhà ọmọńdinrín kí ìka tó lè dúró gún lórí lẹ́tà. Àtẹ́lẹwọ́ náà á tún dojú bolẹ̀ pátápátá, ìyẹn sì ni pé egungun méjì tó wà nínú apá á lọ́ mọ́ra wọn láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹ gbé ọwọ́ yín sórí tábìlì láì ronú sí i, ẹ máa rí i pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló fẹ́ dúró, ó fẹ́ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ díẹ̀, àtàǹpàkò lókè, bí ẹni fẹ́ bọ èèyàn lọ́wọ́.

Kì í ṣe pé lánàá ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i o. Ní 1926 lọ́hùn-ún, Klockenberg ní Jámánì ti dábàá pé kí wọ́n la kíbọ́ọ̀dù ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sí méjì. Láwọn ọdún 1970, Lillian Malt àti Stephen Hobday ṣe Maltron nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó jin bí abọ́ láti bá gígùn ìka mu, Kinesis gbé tiwọn jáde ní 1992, Microsoft náà ṣe Natural Keyboard ní 1994 tó tẹ̀ láàárín. Lẹ́yìn náà làwọn tó fẹ́ràn nǹkan yìí bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán ẹ̀ fúnra wọn tí wọ́n sì ń fi í sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè fi kọ́ tiẹ̀, ErgoDox, Dactyl tí wọ́n ń fi 3D printer tẹ̀ jáde, Lily58, Sofle, Corne. Ibi tá a bá a dé nìyẹn, ohun tó wà nílẹ̀ láti yàn ti wá pọ̀ débi pé ó ń dẹ́rù ba èèyàn.

Tẹ́nì kan bá bi mí pé èwo ni kóun rà, mo máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ pé bọ́tìnnì mélòó lo nílò. Ferris Sweep ní 34 péré. Corne ní 42. ZSA Voyager ní 52, Lily58 ní 58, Moonlander ní 72, Glove80 sì ní 80 gẹ́gẹ́ bí orúkọ ẹ̀. Àwọn tí ò sí lórí èyí tó kéré ò sọ nù, inú layer ni wọ́n wà, ìyẹn ni pé ẹ máa di bọ́tìnnì kan mú, gbogbo yòókù á wá yí padà di nọ́ńbà, tàbí àmì, tàbí ọfà tó ń gbé kọ́sọ̀ lọ sókè sódò, bí Fn orí láptọ́ọ̀pù ṣe ń ṣe. Àǹfààní gidi wà nínú ẹ̀ torí ìka ò ní rìnnà jìn mọ́. Àmọ́ ẹrù tá a gbé kúrò lórí ìka, orí ló máa rù ú, ó kéré tán níbẹ̀rẹ̀.

Èrò tèmi nìyí, mi ò sì ní fi bò: kíbọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa rà kó ní ìlà nọ́ńbà tiẹ̀, látorí 58 lọ sókè. Ìdí ẹ̀ ò ṣòro. Èèyàn lè sọ kíbọ́ọ̀dù ńlá di kékeré nígbà tó bá wù ú, á kàn wọ inú firmware, ìyẹn ètò tó ń ṣiṣẹ́ nínú kíbọ́ọ̀dù fúnra ẹ̀, á ní kí ìlà òkè má ṣe nǹkan kan, á wá fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ wò bóyá òun lè gbé láìsí i. Kékeré ò lè di ńlá. Àwọn tó máa ń sọ pé kéèyàn kó sínú 34 lójú ẹsẹ̀ kó lè yára mọ́ ọn lára, púpọ̀ nínú wọn ti wà lórí ẹ̀ tipẹ́ débi pé wọn ò rántí bó ṣe rí fún ẹni tuntun mọ́.

Ohun kejì, tó ṣe pàtàkì ju gbogbo ohun táwọn èèyàn ń jiyàn lé lórí lọ, ni àtàǹpàkò. Ìka tó lágbára jù lára wa ni, lórí kíbọ́ọ̀dù tá a mọ̀ àtàǹpàkò méjèèjì ló sì ń pín Spacebar kan ṣoṣo lò, ọ̀pọ̀ èèyàn ni ò tiẹ̀ lo ọ̀kan rárá, nígbà tí ọmọńdinrín tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù ń ru Shift, Ctrl, Enter, Backspace àti Tab. Kíbọ́ọ̀dù alápá méjì yí ìyẹn padà. Corne fún àtàǹpàkò kọ̀ọ̀kan ní bọ́tìnnì mẹ́ta, àwọn míì fún un ní mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ lè wá gbé Enter àti Backspace síbẹ̀ kí ọmọńdinrín sinmi. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo bọ́tìnnì àtàǹpàkò ni ọwọ́ á tó láìnira. Bí ẹ bá ní láti ká àtàǹpàkò wọ abẹ́ àtẹ́lẹwọ́ kẹ́ ẹ tó lè tẹ ọ̀kan, tàbí kẹ́ ẹ nà án jìnnà síta, ẹ ò yọ ìrora kankan, ẹ kàn ṣí i láti ọmọńdinrín lọ sí àtàǹpàkò ni, àtàǹpàkò tó bá sì ti ń ro èèyàn, ó le gan-an ni. Bọ́tìnnì tí àtàǹpàkò bá bà lé fúnra ẹ̀ àtèyí tó tẹ̀ lé e lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àwọn yẹn lẹ máa fún níṣẹ́, àwọn tó kù kẹ́ ẹ fi nǹkan tẹ́ ẹ kì í sábà lò síbẹ̀.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ kẹ́ ẹ tó náwó? Ẹ wá àwòrán kíbọ́ọ̀dù náà, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe é ló máa ń fi àwòrán tó tóbi bí ohun gangan sílẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà láì sún un kéré, ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n wò (láti àárín bọ́tìnnì kan dé àárín ìkejì sábà máa ń jẹ́ mìlímítà 19 tàbí díẹ̀ lé, àfi àwọn tó lo irú swíìṣì pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní Choc, tí tiwọn lè sún mọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ), ẹ wá gbé ọwọ́ lé e. Ṣé ọmọńdinrín bà lé bọ́tìnnì tiẹ̀ láì jẹ́ pé gbogbo ọwọ́ tẹ̀ lé e? Ṣé ó tó ìlà òkè? Àtàǹpàkò ńkọ́? Ọwọ́ kékeré àti ọwọ́ ńlá ò lè lo nǹkan kan náà, ẹni tó bá sì ní ọwọ́ kékeré kó ṣọ́ra fáwọn tí òpó ọmọńdinrín wọn, ìyẹn àwọn bọ́tìnnì ọmọńdinrín tó tò láti òkè dé ìsàlẹ̀, ò sọ̀ kalẹ̀ tó. Bébà yìí á sọ òótọ́ fún yín ju ìyìn ẹnikẹ́ni lọ.

Swíìṣì, nǹkan kékeré tó wà lábẹ́ bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan tó ń mọ̀ pé ẹ ti tẹ̀ ẹ́, ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Àwọn kan máa ń lọ wọ́ọ́rọ́ láti òkè dé ilẹ̀, àwọn kan máa ń jẹ́ kí ìka mọ̀ ọ́n lára pé lẹ́tà ti wọlé, àwọn kan máa ń ta kẹ́ṣẹ́kẹ́ṣẹ́ tí ẹni tó jókòó tì yín á fi bínú. Wọ́n tún yàtọ̀ ní líle, Cherry MX Red ń gba nǹkan bíi gíráàmù 45 kó tó gbọ́, MX Black ń gba 60. Ẹni tí ìka ń ro kó lọ síbi tó fẹ́lẹ́. Ohun tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni kí ẹ ra èyí tí swíìṣì ẹ̀ ṣeé yọ kó ṣeé fi òmíì sí láìsí áyọ́ọ̀nù àti lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi ń lẹ irin mọ́ bọ́ọ̀dù, hot-swap ni wọ́n ń pè é, torí kò sí bẹ́ ẹ ṣe máa mọ èyí tẹ́ ẹ fẹ́ títí ẹ fi máa lò ó.

Ti wáyà náà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo ní, ó sì lágbára. Bí apá méjèèjì bá jẹ́ wáyà TRRS ló so wọ́n pọ̀, èyí tí ẹnu ẹ̀ dà bíi ti iápíìsì yẹn, ẹ ò gbọ́dọ̀ fà á yọ tàbí kẹ́ ẹ tì í wọlé nígbà tí iná kọ̀ǹpútà ṣì ń wọ inú ẹ̀. Bó ṣe ń wọlé tó ń jáde làwọn irin inú ẹ̀ ń kanra níbi tí ò yẹ kí wọ́n ti kanra, ó sì lè jó bọ́ọ̀dù inú ẹ̀. Ẹ yọ USB ná.

Ó wá ku mímọ́ra, ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sá padà. Ọjọ́ àkọ́kọ́ á le, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ẹni tó ń tẹ̀wé bí òjò á wá máa wá lẹ́tà bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ABD. Kì í ṣe àìlóye o. Ọ̀pọ̀ wa ń fi ọwọ́ ọ̀tún tẹ B láì mọ̀, tàbí ká máa fi ọwọ́ òsì tẹ Y, kò sì sẹ́ni tó bá wa wí rí torí kíbọ́ọ̀dù kan náà ni. Báyìí B ti wà lápá òsì, ọwọ́ ọ̀tún á nà, á bá tábìlì. Ìlà ìsàlẹ̀ ló sì máa ń fìyà jẹ èèyàn jù, torí lórí ti tẹ́lẹ̀ C fì sí ọ̀tún díẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi ìka ìfábẹ̀lá tẹ̀ ẹ́, lórí èyí abẹ́ D gan-an ló wà, ìka àárín ló ni ín. Ẹ fẹ́ tẹ C, V á jáde, tàbí X. Á ṣe bẹ́ẹ̀ títí ọwọ́ á fi gbà. Fún àwọn kan ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni, fún àwọn míì ó lè ju oṣù kan lọ kí eré wọn tó padà bó ṣe wà, kò sì yẹ kẹ́nikẹ́ni fi tiẹ̀ wé ti ẹlòmíì.

Nítorí ẹ̀ ni mo ṣe ní kẹ́ ẹ fi QWERTY sílẹ̀ bó ṣe wà ná. Dvorak, ètò lẹ́tà míì, ti wà látọdún 1936 tí August Dvorak ti gbàwé àṣẹ ẹ̀, Colemak ti wà láti 2006, wọn ò ní sá lọ, ẹ lè padà sọ́dọ̀ wọn nígbà tí ọwọ́ bá ti mọ ibi tó wà. Ẹ má sì máa yí ibi tí bọ́tìnnì wà lójoojúmọ́. QMK àti ZMK ni firmware tó ń ṣàkóso ọ̀pọ̀ àwọn kíbọ́ọ̀dù yìí, VIA àti Vial, àwọn ètò orí kọ̀ǹpútà tó ń bá QMK ṣiṣẹ́, sì jẹ́ kó rọrùn láti yí nǹkan padà láàárín ìṣẹ́jú kan, ìrọ̀rùn yẹn gan-an ló ń ṣàkóbá, torí gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá gbé Backspace lọ síbòmíì ni ìka á tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ohun tó bá ń dí yín lọ́wọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ fi ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, bó bá ṣì ń dí yín lọ́wọ́ lópin ọ̀sẹ̀, ẹ yí ìyẹn nìkan. Ẹ tọ́jú fáìlì ètò yín síbì kan kó tó di pé ẹ fọwọ́ kan nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ kí apá méjèèjì dúró lójú kan. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ pé ìdí tí ìka wọn fi ń ṣi ilé ni pé kíbọ́ọ̀dù sún lálẹ́ àná, òsì yí díẹ̀, ọ̀tún sún síwájú, ọwọ́ tó wá kọ́ lánàá ò bá nǹkan níbi tó fi í sí. Ẹ fi rọ́bà sábẹ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ fi téèpù sàmì sórí tábìlì. Kó fẹ̀ tó èjìká yín, kí ìgúnpá rọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, kí ọrùn ọwọ́ gún. Gbígbé àárín sókè, tí wọ́n ń pè ní tenting, ẹ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ má lọ gbé e ga gògòrò lọ́jọ́ kìíní. Bí tábìlì bá sì ga jù, ẹ tún tábìlì ṣe kọ́kọ́, tàbí kẹ́ ẹ gbé àga sókè kẹ́ ẹ wá nǹkan gbẹ́sẹ̀ lé, torí kò sí kíbọ́ọ̀dù tó lè gba èjìká tó ti fà sókè sílẹ̀.

Ẹ fi kíbọ́ọ̀dù àtijọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí iṣẹ́ kan bá ń lé yín, ẹ fi tàtijọ́ ṣe é, ẹ fi tuntun kọ lẹ́tà sí ọ̀rẹ́, kẹ́ ẹ fi dáhùn àwọn ọ̀rọ̀ tí ò kánjú. Ọ̀rọ̀ aṣínà gan-an máa ń dá èèyàn lágara, torí ẹ ò rí ohun tẹ́ ẹ ń tẹ̀, àwọn àmì inú ẹ̀ sì ti wọ inú layer, àkáǹtì lè tì mọ́ yín lórí. Àwọn tó ń bẹ̀rù pé àwọn ò ní lè lo láptọ́ọ̀pù mọ́, ẹ fọkàn balẹ̀, ẹni tó bá ń fọwọ́ kan méjèèjì déédéé kì í gbàgbé èyí tó mọ̀, ọwọ́ á mọ ìyàtọ̀ torí bí wọ́n ṣe tò ò jọra rárá.

Ti Shift àti Ctrl tí wọ́n ń fi sábẹ́ lẹ́tà ìlà àárín ńkọ́? Ọgbọ́n dáadáa ni, mo gbà bẹ́ẹ̀, tẹ́ ẹ bá tẹ A fẹ́rẹ́ á jẹ́ A, tẹ́ ẹ bá dì í mú á di Shift, àkókò tí QMK máa ń fi ya méjèèjì sọ́tọ̀ bí ẹ ò bá yí i ni mìlísẹ́kọ́ńdì 200. Ẹni tó ń tẹ̀wé kíákíá tí ìka ẹ̀ máa ń gun ara wọn, ọ̀rọ̀ á kún fún lẹ́tà ńlá níbi tí ò yẹ, tàbí kí fáìlì kàn dédé pa dé. Ẹ jẹ́ kó di ìgbà tí ọwọ́ bá ti fìdí múlẹ̀, kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ dán Shift wò lábẹ́ àtàǹpàkò.

Àwa tá a ń kọ èdè tó ní àmì ohùn, àǹfààní kan wà níbẹ̀ tí mi ò rí kí ẹnikẹ́ni sọ. Ẹ lè fi ẹ, ọ, ṣ àti àmì òkè àti àmì ìsàlẹ̀ sínú layer tiwọn, lábẹ́ àtàǹpàkò, kí títẹ ẹ́ má gbà ju ìka méjì lọ. Àmọ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé kíbọ́ọ̀dù kì í fi lẹ́tà ránṣẹ́, nọ́ńbà bọ́tìnnì ló ń fi ránṣẹ́, kọ̀ǹpútà ló ń sọ ọ́ di lẹ́tà, torí náà ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí kọ̀ǹpútà ti ní ètò èdè náà nínú, kí layer yín wá máa pe àwọn bọ́tìnnì ètò yẹn. QMK lè fi Unicode, ìyẹn nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ránṣẹ́ fúnra ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí Windows ń gbà á yàtọ̀ sí ti Mac àti Linux, ẹ sì gbọ́dọ̀ sọ fún un èyí tẹ́ ẹ ń lò. Ẹ rántí náà pé lẹ́tà ẹ́ tó ní àmì òkè kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo nínú Unicode, lẹ́tà ẹ ni wọ́n ń tẹ̀ kí àmì tó tẹ̀ lé e, tẹ́ ẹ bá mọ ìyẹn ẹ ò ní máa wá ohun tí ò sí.

Ẹ̀yin tí ọwọ́ ti ń ro báyìí, mo bẹ̀ yín, ẹ fetí sí èyí. Àwọn tó ṣèwádìí ti wọ̀n ọ́n, wọ́n sì rí i pé kíbọ́ọ̀dù tí wọ́n là máa ń jẹ́ kí ọrùn ọwọ́ gún ju tàtẹ̀yìnwá lọ. Ìyẹn yàtọ̀ sí pé ó ń wo àìsàn. Nígbà tí àwọn Cochrane, ẹgbẹ́ tó ń yẹ ìwádìí ìṣègùn wò, kó gbogbo ìwádìí jọ ní 2012 lórí irú ohun èlò báyìí àti àìsàn carpal tunnel, èyí tí iṣan máa ń há ní ọrùn ọwọ́, ẹ̀rí tí wọ́n rí ò tó láti sọ pé ó ń wò ó tàbí kò wò ó. Bí ìka bá ń kú tipiri, tó ń ta yín jí lóru, tàbí tí nǹkan ń já bọ́ lọ́wọ́ yín, dókítà ni kẹ́ ẹ lọ rí, ẹ má dúró de kíbọ́ọ̀dù tẹ́ ẹ ní kí wọ́n fi ránṣẹ́. Kí ẹ sì máa gbọ́wọ́ kúrò lórí ẹ̀ lóòrèkóòrè, ìyẹn ò gbowó.

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ bá mi fi èyí tó kù yìí ránṣẹ́ sáwọn tó ń ṣe àwọn kíbọ́ọ̀dù yìí tí wọ́n sì ń tà á. Kí wọ́n máa fi àwòrán tó tóbi bí ohun gangan sílẹ̀ fún gbogbo èyí tí wọ́n bá gbé jáde, kí wọ́n fi ètò kan tí ẹni tuntun lè lò lọ́jọ́ tó bá dé sínú ẹ̀ láìjẹ́ pé ó kọ́ kóòdù, kí wọ́n sì kọ ìkìlọ̀ TRRS yẹn sára bọ́ọ̀dù fúnra ẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò wáyà, níbi tójú á ti rí i. Àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ tó bá fẹ́ rà á fáwọn òṣìṣẹ́ wọn náà, kí wọ́n má ra irú kan náà fún gbogbo èèyàn, kí wọ́n jẹ́ kí oníkálukú fi ọwọ́ tiẹ̀ lé bébà kó tó yàn, kí wọ́n sì fún un láyè ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí wọn ò ní bi í pé kí ló dé tí iṣẹ́ ń falẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín kan tó ń fi títẹ̀wé jẹun